Ẹ Fún Kẹ̀kẹ́ Ológeere Ní Ọ̀nà Tirẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí, kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí ní agbẹnusọ àwọn oní-Márúwá. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kì í mu epo, tí kì í rú èéfín, tí ẹsẹ̀ ẹni ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, òun ló tọ́ púpọ̀ nínú àwọn baba yín dàgbà. Ẹ bi àwọn àgbà Iléṣà léèrè nípa Òṣómàáló. Wọ́n á di aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á tà á láwìn láti abúlé dé abúlé, nígbà tó bá yá wọ́n á tún gun kẹ̀kẹ́ kan náà padà lọ gbowó. Bí onígbèsè bá ní kò sí, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Ilé tó ń dán gbinrin ní Iléṣà lónìí, owó tí kẹ̀kẹ́ bá wọn kó jọ ló kọ́ òmíràn nínú wọn. Àmọ́ kí ọmọ-ọmọ Òṣómàáló gun kẹ̀kẹ́ kọjá ní Ọlá-ìyá lónìí, wọ́n á ní nǹkan ti bà jẹ́ fún un.

Ní ọdún tó kọjá, lọ́nà Òṣogbo sí Iléṣà, ọkọ̀ àjàgbé kan fun fèrè sí mi lẹ́yìn. Kì í ṣe fèrè "jọ̀wọ́, yà fún mi" o. Fèrè "ta ló rán ẹ wá" ni. Mo yà. Ibi tí mo yà sí, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀: àgbàrá ti jẹ etí ọ̀dà wọnú, ó ti di bèbè. Inú gọ́tà ni mo ti bá ara mi, kẹ̀kẹ́ wà lórí mi, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórúnkún mi. Dírẹ́bà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Àwọn ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sáré wá fà mí jáde, Ọlọ́run á bá mi sọ́ ọmọ wọn. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀kan nínú wọn wí: "Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí lẹ tiẹ̀ ń gbé kẹ̀kẹ́ wá sí títì ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju orúnkún tó bó lọ. Èmi tí wọ́n fẹ́ẹ́ pa ni mo jẹ̀bi! Ẹni tó fẹ́ẹ́ pa mí ti lọ, ó ti dé Iléṣà, ó ti ń jẹ iyán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mi ò ní kí wọ́n lé mọ́tò kúrò lórí títì. Ohun tí mò ń bèèrè kéré sí i: kí wọ́n la ọ̀nà kan sí ẹ̀gbẹ́ odò Ọ̀ṣun, láti ẹ̀yìn Òṣogbo síhà Ẹdẹ, tí mọ́tò kò ní gbà, tí ọ̀kadà kò ní gbà, tí ó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan.

Ẹ ó ní ilẹ̀ wa kún fún òkè. Òótọ́ ni o. Ẹni tó bá kọjú sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé òkè ló ń lọ bá. Omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà kì bá tí já láti òkè bí kò bá sí òkè. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí ibi tí odò ti ń pọ́n òkè rí? Ẹni tó bá tẹ̀lé odò, ilẹ̀ títẹ́jú ló tẹ̀lé. Ọ̀nà oko kan wà tí mo máa ń gbà ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lápá kan, àkùrọ̀ ni: àwọn ìyá ń bu omi sí tẹ̀tẹ̀ àti ewédú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oko mìíràn ti gbẹ. Lápá kejì, ọparun àti igi ògùrọ̀, ewé kókò tó tóbi bí agbòòrùn, lékeléke lórí àbàtà bí ẹni sá aṣọ funfun. Kò sí fèrè, kò sí èéfín jẹnẹrétọ̀. Ẹ ó gbọ́ ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín. Mo jẹ́ ẹni tó ti ń kọ ìwé ìròyìn fún ogún ọdún, tí ariwo sì jẹ́ oúnjẹ mi, àmọ́ mo ń sọ fún yín pé bí mo bá ti ibẹ̀ dé, ìyàwó mi máa ń béèrè ohun tí mo jẹ tí ojú mi fi ń dán.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà náà máa ń dédé parí. Ọ̀sẹ̀ yìí ẹ kọjá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ bá búlọ́ọ̀kù àti yanrìn. Ẹnì kan ti ra àbàtà, ó ti ń da ilẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń ta odò? Ìtàn Òṣogbo tí gbogbo wa ń sọ fún ọmọ kọ́ wa pé létí omi ni Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, kí wọ́n tó kó gòkè lọ sí ibi tí ìlú wà lónìí. Wọ́n fi etí odò sílẹ̀ fún odò. Àwa tí a ka ìwé, a tún sọ̀ kalẹ̀ padà, a ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, bí omi bá wá kún, a ó máa ké pe gómìnà. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá bò ó lóṣù kẹsàn-án, yóò tún yọ lóṣù kọkànlá, ẹ ó kàn gbá ẹrẹ̀ kúrò.

Ẹ má sì ní kí n máa gbé àṣà Òyìnbó wá, nítorí Òyìnbó kan wà tí Òṣogbo ò lè sẹ́. Susanne Wenger, Adúnní Olórìṣà, ẹni tó bá wa gbèjà igbó Ọ̀ṣun títí àjọ UNESCO fi kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2005, ìlú Graz ní Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915. Odò kan gba àárín Graz kọjá, Mur ni orúkọ rẹ̀. Lónìí, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó lé ní 300 kìlómítà ń bá odò náà lọ, láti orí òkè wá sí ilẹ̀ títẹ́jú àti igbó àbàtà tó wà nísàlẹ̀ Graz. Tẹbítọmọ ń gùn ún, wọ́n ń sùn ní abúlé, wọ́n ń náwó níbẹ̀. Ẹ sì gbọ́ èyí: nígbà kan, Mur wà lára àwọn odò tó dọ̀tí jù ní Yúróòpù, ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ bébà ni wọ́n ń dà sí i. Wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́. Odò ìyá tó sùn ní Òṣogbo ní 2009 ti mọ́ nílé rẹ̀. Ọ̀ṣun tó fi ayé rẹ̀ sìn ńkọ́? Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi odò, torí ohun tí àwọn awakùsà góòlù ń tú sí i láti òkè. Omi ti pọ́n bí omi amọ̀. Tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ odò kọjá lójoojúmọ́, ta ló máa rí i kó dákẹ́? Ibi tí ojú kò dé ni wọ́n ti ń ba odò jẹ́.

Àwọn ará Netherlands tí ẹ ń rò pé wọ́n bí mọ́ kẹ̀kẹ́, irọ́ ni. Ní 1971, mọ́tò pa èèyàn tó lé ní 3,000 níbẹ̀, ó lé ní 400 nínú wọn tó jẹ́ ọmọdé. Àwọn òbí bọ́ síta, wọ́n ní ẹ yé pa ọmọ wa. Ní 1973 epo tún wọ́n. Ìgbà yẹn ni ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní pàtó. Àwa náà ti rí ọ̀wọ́n epo láti May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọwọ́ nínú owó ìrànwọ́ orí epo. Kí la là? Ẹnu la là.

Àwọn oníṣẹ̀ṣe á ní ṣé mo fẹ́ kí ọmọ ìta máa fi kẹ̀kẹ́ sáré nínú igbó Ọ̀ṣun ni. Rárá o! Hẹ́kítà 75 yẹn, kí táyà kankan má kàn án. Kí ọ̀nà náà yípo rẹ̀ lókèèrè, kí àwọn abọrẹ̀ sì fi ẹnu ara wọn sọ ibi tó gbọ́dọ̀ gbà.

Ọ̀rọ̀ ajínigbé ni n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àmọ́ ibi tó dá páropáro ni oníṣẹ́ ibi ń fẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó súnmọ́ ilé, kìlómítà 5 péré, níbi tí àwọn àgbẹ̀ àti fijilanté ti lè rí ojú ara wọn. Bí ó bá gbà kí ẹ máa ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́ alẹ́, ẹ tì í. Ẹ kò ní nílò ọ̀dà, amọ̀ pupa tí rólà tẹ̀ dáadáa tó, kó fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ méjì tó pàdé. Ibi tí àbàtà bá ti jìn, ẹ fi pákó ṣe afárá. Kí ẹ ri òpó irin sí ẹnu rẹ̀ kí ọ̀kadà má lè wọlé. Owó rẹ̀ ò tó ti máìlì kan títì.

Gbogbo èyí ni mo kọ sínú lẹ́tà, mo sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan nílùú yìí, n kò ní dárúkọ wọn. Ọ̀gá tó gbà á kà á, ó yọ gíláàsì, ó wò mí láti orí dé bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mọ́tò yín bà jẹ́ ni?"

"Èmi ò ní mọ́tò, sà."

"Háà! Ẹ má ṣèyọnu. Ọlọ́run á pèsè tiyín lọ́dún yìí."

Àdúrà ló gbà fún mi! Mo ṣe àmín, torí a kì í kọ àdúrà, àmọ́ lẹ́tà ni mo mú wá. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Mo ti kọ èkejì, ẹ̀dà rẹ̀ ni ẹ ń kà yìí. Mọ́ńdè ni mo fẹ́ gbé e lọ, kẹ̀kẹ́ náà ni mo sì máa gùn débẹ̀, bí wọn ò bá tíì gbá mi sí gọ́tà.