Ẹ Má Jẹ́ Kí Sákárà Kú Lórí Asọ̀rọ̀mágbèsì Ìjọba

Àwọn kan wà láàárín wa, ẹ̀yin òǹkàwé wa, tí wọn a máa wí pé kìkì orin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ ni ó yẹ kí asọ̀rọ̀mágbèsì ìjọba máa gbé jáde, kí a sì fi sákárà àti wákà sílẹ̀ fún àwọn arúgbó. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gba ọjà Máìlì 12 kọjá, tàbí tí ó wọ ọkọ̀ ní Kétu, yóò gbọ́ orin àwọn ọ̀dọ́ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Orin náà kò ṣe aláìní alágbàwí: àwọn oníṣòwò ń náwó lé e, àwọn asọ̀rọ̀mágbèsì aládàáni, tí òfin ọdún 1992 fi àyè gbà, sì ń gbé e jáde tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n ta ni yóò náwó lé gòjé? Ta ni yóò ra àkókò fún orin Yusuf Olatunji, ẹni tí ó kú ní ọdún 1978? Bí ìjọba kò bá ṣe é, ta ni yóò ṣe é?

Wọ́n ní owó ìlú kò yẹ fún ohun tí ènìyàn díẹ̀ ń fẹ́. Àgbà tí ń gbọ́ sákárà ní Ìkòsí, òun kò ha ń san owó orí bí? Radio Lagos, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977, ti gbogbo wa ni. Ìsìn ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá sákárà yàtọ̀ sí ti wa, ṣùgbọ́n ìjìnlẹ̀ Yorùbá tí ó wà nínú orin wọn, ogún gbogbo wa ni. Wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni a ń bèèrè, nígbà tí ojú ènìyàn là, kì í ṣe ní ọ̀gànjọ́ òru.

Fela Sowande, ẹni tí ó mọ dùùrù tẹ̀ dójú àmì, kò ka orin ìbílẹ̀ sí ohun ìtìjú nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ìjọba ní àwọn ọdún 1950. Ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú, nígbà tí BBC fẹ́ ti 6 Music pa ní ọdún 2010, àwọn olùgbọ́ kọ̀ jálẹ̀, a kò sì tì í mọ́.

Ẹ̀yin ará Kòsọ́fẹ́, ẹ má ṣe káwọ́ lẹ́rán. Ẹ kọ ìwé, ẹ sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orin tí àwọn ọmọ wa kò bá gbọ́, wọn kò lè fẹ́ ẹ. Èyí tí wọn kò bá sì fẹ́, òun náà ni a ó tún wí pé kò ní olùfẹ́.