Ẹ Yé Sin Ohùn Àgbà Sínú WhatsApp

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Òkun tó ti sú wa: "Kò sí podcast fún irú wa." Wọ́n á ṣí áàpù, wọ́n á wá ẹ̀fẹ̀, ti Èkó ni wọ́n á bá. Ìwàásù? Ti Texas. Ìtàn? Hitler àti àwọn ọba Róòmù. Ìlera ọkàn? Ẹnìkan ní California ní kí wọ́n mí sínú, kí wọ́n mí síta. Ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú algorithm. Àwa tí iṣẹ́ sọ́fítíwià ń bọ́ mọ̀ pé algorithm ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ (ohun tí èrò ti ń gbọ́ ló máa ń tì síwájú), àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó lè wá ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbé síta.

Ohùn wa sì wà o! WhatsApp ló kún inú ẹ̀. Ìwàásù ọjọ́ Sunday, àpárá tí ìyá kan dá nílé òkú tí gbogbo èèyàn fi rẹ́rìn-ín, ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì fún aláboyún: voice note, voice note, voice note. Wọ́n ṣe WhatsApp kí ará ìta má lè gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dáa fún àṣírí ìdílé. Fún ìtàn ìlú, ibojì ni. Tí fóònù bá ti kún, wọ́n á pa á rẹ́ kí fídíò ìgbéyàwó lè ráyè.

Tommie Titcombe dé Egbe ní 1908. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà lórí rẹ̀. Kí ni àwọn ará Egbe fúnra wọn sọ lọ́jọ́ tí wọ́n rí i? Adé Ọbáyẹmí, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ ọmọ Òkun, ṣe ipa tirẹ̀, àmọ́ inú ìwé yunifásítì niṣẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn tó gbọ́ ìtàn ogun Nupe lẹ́nu bàbá àgbà wọn ti di arúgbó báyìí. Ẹ̀ ń dúró de kí ni?

Àwọn kan á ní ká fi Yorùbá Ọ̀yọ́ ṣe é kó lè tà. A ò gbà. Kíkí ló sọ wá lórúkọ: "Òkun" tí a fi ń kí ara wa ni wọ́n fi ń pè wá. Ẹ wá fẹ́ ká fi ohùn ẹlòmíì kí ara wa? Àpárá Yàgbà tí ẹ bá túmọ̀ ti di ìròyìn.

Ẹ má sì fi dátà ṣe àwáwí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní 64 kbps, ò tó MB 15. Fáìlì ohùn ni podcast, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ RSS, níbi tí ẹ máa kọ àkọlé, àlàyé àti èdè sí. Àmì Yorùbá ni "yo". Ẹni tó bá fi "en" síbẹ̀ ti rán ètò rẹ̀ sí ẹni tí ò ní gbọ́ ọ. "Yo" yìí ò sì mọ Yàgbà yàtọ̀ sí Ìjùmú tàbí Bùnú, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú àkọlé gbangba: "Ìtàn Egbe ní ohùn Yàgbà." Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àgbà tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e síta, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà lórí fóònù yín lọ́wọ́lọ́wọ́.