Ọmọ Tí Ń Fẹ́ Kọ̀ǹpútà Ayára

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí ó kọjá, Àlhájà kan gbé ọ̀rọ̀ wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kí ó fi owó èsúsú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ra kọ̀ǹpútà tuntun fún òun, nítorí èyí tí ó wà nílé kò yára tó láti kọ́ òun ní ṣẹ́ẹ̀sì dé ipò ọ̀gá. Owó yìí kan náà ni ìyá fẹ́ fi san owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀ obìnrin.

(Ṣẹ́ẹ̀sì yìí ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní ṣatarànjì. Àwọn àáfáà ti jiyàn lé e lórí tipẹ́. Èmi kò ní wọ inú rẹ̀ lónìí.)

Ọmọ náà kò parọ́. Kí ẹ̀rọ tó ta, yóò kọ́kọ́ wo ibi tí ó lè tà sí, ohun tí ẹnìkejì lè fi dáhùn, àti èsì tí òun náà yóò fún un. Bí ó bá ti yára sí ni yóò ti ríran jìnnà sí. Ní 1996, Garry Kasparov, ọ̀gá àgbáyé ìgbà náà, fi àmì 4 sí 2 borí Deep Blue, ẹ̀rọ àwọn IBM. Ní 1997, ní New York, ẹ̀rọ náà padà dé, ó ń wo ìtò 200,000,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, ó sì borí pẹ̀lú 3½ sí 2½. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọgbọ́n kún un pẹ̀lú, kì í ṣe ìyára nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní ìdúró kan, ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ta máa ń tó 35, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì tún ní ọmọ tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó fi ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ríran síwájú sí i, ìlọ́po méjì ìyára kò tó o.

Ní 2009, tẹlifóònù alápò kan tí ó ní ètò Pocket Fritz 4 gba ipò kìíní nínú ìdíje Copa Mercosur ní Buenos Aires. Àmì 9½ nínú 10 ni ó gbà, kò sì wo tó ìtò 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: Deep Blue fi ìlọ́po 10,000 yára jù ú lọ! Ohun tí kékeré yìí ní ni pé ó mọ èyí tí kò yẹ kí òun fi àkókò wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ta ayò. Ilé tí kò ní èrè nínú kì í dá a dúró.

Àlhájà, tẹlifóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín ju ọmọ yín lọ nídìí ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹ san owó ilé-ìwé ọmọbìnrin náà. Mo ti ní kí ọkùnrin yẹn wá rí mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó sì gbé kọ̀ǹpútà ògbólógbòó náà dání.