Ìdánwò Iṣẹ́ Ìjọba àti Àwọn Ọmọ Àríwá Èkìtì

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti kàwé gboyè ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká máa ń fojú sọ́nà fún ìdánwò àtiwọ iṣẹ́ ìjọba, yálà ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì tàbí ti Ìjọba Àpapọ̀. Lára ohun tí a máa ń bi wọ́n léèrè níbẹ̀ ni ọ̀ràn tí ń lọ lọ́wọ́lọ́wọ́ ní ilé àti ní òkèèrè, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kọ́rẹ́ńtì àfíàsì. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà kọ́ ọ. Wọn a ra ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó kún fún ìbéèrè àti ìdáhùn, wọn a sì há a sórí bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti í há ìsirò sórí. Èrò tiwa ni pé irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe ọmọ náà ní àǹfààní tí ó tó, kò sì ṣe ìlú tí ó fẹ́ sìn ní rere rárá.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ayé kì í dúró sójú kan. Ìwé pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ní 2023 yóò sọ fún òǹkàwé pé orin orílẹ̀-èdè wa ni èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní 1978. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún, 2024, òfin tuntun dá orin ti 1960 padà. Ìwé kan náà yóò sọ pé ₦30,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti fi lélẹ̀ ní 2019. Ṣùgbọ́n òfin ti oṣù Keje, 2024, ti sọ ọ́ di ₦70,000. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra yóò bọ́ ni láṣọ. Ẹni tí ó gbé ìdáhùn àná wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò òní ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé máàkì ara rẹ̀ kù.

Bí ó ti wù kí ó rí, èyí nìkan kọ́ ni àléébù náà, nítorí ẹni tí ìwé rẹ̀ bá gbó lè ra òmíràn. Èyí tí ó burú jù ni pé àkọ́sórí a máa fún ènìyàn ní orúkọ àti iye, kì í sì í fún un ní ìdí. Ọ̀dọ́ kan lè mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní Nàìjíríà, àti pé 16 nínú wọn wà ní Èkìtì. Ǹjẹ́ ó mọ ohun tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, pé owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn? Ǹjẹ́ ó lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ìdájọ́ náà lè mú bá ọ̀nà oko, bá ọjà àti bá ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ní ìlú tirẹ̀? Bí a bá gbà á sí iṣẹ́ lọ́la, kì í ṣe nọ́ńbà 774 ni ọ̀gá rẹ̀ yóò gbé ka iwájú rẹ̀, bí kò ṣe fáìlì tí ó kún fún irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò yẹ kí ọmọ Àríwá Èkìtì rò pé ọ̀ràn tí ń lọ lọ́wọ́ kò sí níbìkan àfi ní Àbújá àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2011 ni a dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, a sì fi ẹ̀ka rẹ̀ kan sí Ìkọ̀lé. Ní Ìdó ni Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Ìjọba Àpapọ̀ wà. Ta ni ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, èé sì ti ṣe tí ọ̀ràn wọn kò fi sí lọ́wọ́ gómìnà? Òfin iná mànàmáná ti 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣe àkóso iná láàárín ààlà tiwọn, Èkìtì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí a kọ́kọ́ fa àkóso náà lé lọ́wọ́ ní 2024. Kí ni ẹrù tí èyí gbé ka ìjọba ìpínlẹ̀ lórí? Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ti lóye bí a ti pín agbára ìjọba ní orílẹ̀-èdè yìí ju ẹni tí ó ha orúkọ gbogbo mínísítà sórí lọ.

A kò sì lè ṣàìmẹ́nu kan ọ̀ràn ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, 2024, àwọn agbébọn pa ọba aládé méjì ní agbègbè Òkè-Àkò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, nígbà tí wọ́n ń ti ìrìn àjò bọ̀. Gbogbo wa ni a ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ di òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe ju kí ó ṣọ̀fọ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Ìwé Òfin 1999 fi ọlọ́pàá sí abẹ́ Ìjọba Àpapọ̀. Pé ní 2020 ni àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣe òfin Àmọ̀tẹ́kùn. Pé ibi tí agbára ọ̀kan parí sí ni ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ní àárín méjèèjì ni àwọn ará oko wa ń gbé. Bí kò bá mọ èyí, kí ni yóò sọ bí a bá fi í ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ń gbèrò lórí ààbò ìlú?

Ìdánwò iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Íńdíà ni a ti kọ́kọ́ rí i kí ó tó rinlẹ̀. Ní ìgbà àtijọ́, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ olówò tí ń ṣàkóso ilẹ̀ náà ni wọ́n ń pín ipò fún ọmọ àti fún ọ̀rẹ́ wọn. Òfin ti 1853 fi òpin sí i, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1855. Ìlẹ̀kùn náà ṣí, ṣùgbọ́n òkè òkun ni a ṣí i sí. Ọmọ Íńdíà tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Satyendranath Tagore ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tí ó yege, ní 1863. Ó di 1922 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò náà ní ilẹ̀ Íńdíà fúnra rẹ̀. Lóde òní, àwọn tí ń forúkọ sílẹ̀ fún un lọ́dún kan a máa tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan, àwọn tí a sì ń mú nínú wọn kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ọ̀ràn tí ń lọ lọ́wọ́ jẹ́ òpó kan pàtàkì nínú rẹ̀, nítorí náà kíka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ ti di bárakú fún ẹni tí ń múra sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú abala kejì, kì í ṣe kí a fi àmì sí ìdáhùn kan láàárín mẹ́rin. Wọn a ní kí ó kọ àlàyé sílẹ̀, wọn a sì tún pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

A kò sọ pé ọ̀run ni Íńdíà. Ní oṣù Keje, 2024, ọ̀gbàrá òjò ya wọ yàrá ìkàwé kan tí ó wà nísàlẹ̀ ilé ní Delhi, ó sì pa mẹ́ta nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra ìdánwò yìí. Àwa náà kò gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, 2014. Ní ọjọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ju ìdajì mílíọ̀nù lọ, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti san ₦1,000, ń dupò tí kò tó 5,000 ní ilé-iṣẹ́ aṣọ́bodè tí ń rí sí ìwọlé-wọ̀de. A kó wọn jọ sí àwọn pápá ìṣeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Níbi tí ìlẹ̀kùn bá ti há, ojúṣe ìjọba ni láti rí i pé a gba ibẹ̀ wọlé létòlétò, àti pé ẹni tí ó bá tọ́ sí ni ó wọlé.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ti àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Wọn yóò dá wa lóhùn pé: “Orúkọ àti ọjọ́ ni a ń bi wá, ohun tí a bá bi wá ni a ó kọ́.” Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn àjọ tí ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ìjọba, ti Àpapọ̀ àti ti Ìpínlẹ̀, ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí ìbéèrè wọn padà. Kí wọ́n bi ọmọ léèrè ìdí, kí wọ́n bi í léèrè ohun tí yóò ti inú òfin kan jáde, kí wọ́n sì gbé máàkì jáde ní gbangba kí olúkúlùkù lè mọ ipò tí ó wà. Ní 2023, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin jókòó láti gbọ́ ẹ̀sùn pé a ń ta ààyè iṣẹ́ ìjọba bí ẹni ta iṣu. Bí ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ayédé tàbí ní Ùsì bá fi ọdún méjì kàwé, tí a sì ta ààyè rẹ̀ fún olówó, kì í ṣe òun nìkan ni a rẹ́ jẹ. Àwọn àbúrò rẹ̀ tí ń wò ó kò ní ṣí ìwé mọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó rántí ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba rere ṣe ní ilẹ̀ yìí rí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní, 1955, ó ju 800,000 ọmọ lọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn olóṣèlú ni wọ́n ṣe ìlérí náà, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé àti àwọn olùṣirò owó ni wọ́n ka ọmọ, tí wọ́n ka olùkọ́, tí wọ́n sì wá owó. Nínú ìran àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Olóyè Simeon Adebo ti jáde, ẹni tí ó di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kí ó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí a bá kéde ìdánwò. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Bí ọ̀ràn kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ohun mẹ́fà sílẹ̀ nípa rẹ̀: kí ni ó ṣẹlẹ̀, òfin wo ni ó kàn án, ta ni ó ní agbára lórí rẹ̀, níbo ni owó rẹ̀ yóò ti wá, ta ni yóò jèrè, ta ni yóò sì pàdánù. Ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ jiyàn lé e lórí. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún ọdún kan yóò rí i pé òun kò ní ohun púpọ̀ láti há sórí mọ́.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, a bẹ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀: yàrá kan tí ó ní tábìlì, iná, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ àti ẹ̀dà Ìwé Òfin kò lè wọ́n ju agbára yín lọ. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì tí ó wà láàárín wa lè fi Sátidé kan lóṣù ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, owó tí ẹ ń tọ́jú láti fi ra ọ̀nà ẹ̀bùrú fún ọmọ yín, ẹ fi ra ìwé fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Bí a bá ṣe ipa tiwa, tí àwọn àjọ ìjọba sì ṣe òdodo, àwọn ọmọ Àríwá Èkìtì kò ní bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ ìjọba, ìlú tí wọ́n bá sì sìn yóò mọ̀ pé òun rí òṣìṣẹ́ gbà.