Àbúrò Tí Ń Bá Wa Gba Owó Ilé

Ní oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ìkòkò àti àwo sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí á sọ̀rọ̀ lórí ilé tí a fi ń gba owó. Púpọ̀ nínú yín ni ó ní ilé tí òbí fi sílẹ̀, tàbí èyí tí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ kọ́, tí ó sì jìnnà sí ibi tí ẹ ń gbé. Mọ̀lẹ́bí kan ni ó ń bá yín bójú tó o. Ǹjẹ́ ẹ ń san owó iṣẹ́ fún un?

Obìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa ń gbé ní Èkó. Ìbàdàn ni ilé onífúláàtì mẹ́rin tí ó ní wà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, òun ni ó ń pe ẹni tí yóò tún páànù ṣe, òun náà ni wọ́n ń jí lóru bí òjò bá ya wọlé. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ṣe èyí, "o ṣeun" nìkan ni ó ń gbà. Nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ tó san, ó mú lára owó ilé, ó rò pé ẹ̀tọ́ òun ni. Ẹ̀gbọ́n pè é ní olè. Àbúrò ní kí ẹ̀gbọ́n òun ṣírò làálàá ọdún mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó lè ṣírò rẹ̀, nítorí wọn kò dá iye kan lé e rí. Ìyá wọn ni ó ń sunkún láàárín àwọn méjèèjì títí di òní.

Iṣẹ́ tí a kò dá owó lé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Gbèsè ni, gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ iye rẹ̀.

Àdáṣe ní í hunni, àjọrò kì í hunni. Ẹ pe àbúrò yín jókòó, kí ẹ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin: iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, iye owó iṣẹ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ó máa san án, iye tí ó lè ná sí àtúnṣe láì kọ́kọ́ bi yín, àti ibi tí owó ilé yóò máa wọ̀. Ó sàn kí àwọn ayálégbé máa san owó wọn tààrà sí báǹkì yín, kí ẹ sì máa ti ibẹ̀ san owó iṣẹ́ fún un. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ àgbà nínú ẹbí ọkọ yín ni, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín ṣáájú ọ̀rọ̀ náà. Ní ẹnu, ẹ lè pè é ní owó obì. Nínú ìwé, owó iṣẹ́ ni.

Ìwé yìí wúlò fún ọ̀rọ̀ owó orí pẹ̀lú. Owó tí ilé ń mú wọlé wà lára ohun tí ìjọba ń gba owó orí lé lórí, ṣùgbọ́n òfin gbà kí á kọ́kọ́ yọ ìnáwó tí a ṣe nítorí ilé náà. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ọdún. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, náírà 15 ni lórí ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ti ẹni tí kò ní owó míràn tí ń wọlé. Fúláàtì mẹ́rin, ₦400,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ₦1,600,000. Bí ó bá ná ₦200,000 sí àtúnṣe, ó ku ₦1,400,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦90,000. Bí ó bá tún san ₦160,000 fún àbúrò rẹ̀, tí ẹ̀rí sì wà, ó ku ₦1,240,000. Owó orí di ₦66,000. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù yóò ro owó ilé pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe sọ èyí di ọ̀nà ẹ̀tàn o. Iye tí ẹ ó san fún àjèjì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Owó ọbẹ̀ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ìyá yín kì í ṣe ìnáwó ilé. Ẹ má ṣe kà á mọ́ ọn. Owó iṣẹ́ àbúrò yín pẹ̀lú jẹ́ owó tí ó wọlé fún un: bí gbogbo ohun tí ó rí lọ́dún kò bá ju ₦800,000 lọ, kò ní owó orí láti san, bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, kí òun náà sọ fún ìjọba. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ó gba ilé yín, wọn yóò yọ náírà 10 lórí ọgọ́rùn-ún fún ìjọba kí wọ́n tó san owó. Ẹ gba ẹ̀rí rẹ̀, nítorí a ó yọ ọ́ kúrò nínú owó orí yín.

Ẹ ra ìwé ńlá kan, kí ẹ máa kọ owó tí ó wọlé sí apá kan, èyí tí ó jáde sí apá kejì, kí ẹ sì kó gbogbo rìsíìtì sínú àpò kan. Kí oṣù kẹta ọdún tó parí, ẹ gbé ìṣirò yín lọ sí ọ́fíìsì owó orí ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé.

Obìnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti ń san owó iṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n àjèjì ni ó ń san án fún. Kí tiwa má rí bẹ́ẹ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀.