Kí Ènìyàn Kan Jókòó Níwájú Wọn

"Ẹ̀bùn ni, wọn kì í kọ́ ọ." Èsì tí òbí ń gbọ́ láti Ọ̀jọ́ dé Okokomaiko nìyẹn, bó bá béèrè ìdí tí ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà ní sẹ́kọ́ńdírì kò fi lè ya ènìyàn tó dúró dáadáa. Èsì ọ̀lẹ ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn nìkan, ayàwòrán Àìná Ọnàbólú ì bá má wọkọ̀ òkun lọ sí London lọ́dún 1920. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde yìí ti ya Ìyáàfin Spencer Savage láti 1906. Síbẹ̀ ó lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó tún kọjá sí Paris. Nígbà tó padà dé, ó ń ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú wọn èjìká, ọrùn àti ohun tó jìnnà síra. Ó yọ ìjọba amúnisìn lẹ́nu títí wọ́n fi rán Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, wá ní 1927.

Lónìí, wọ́n ti di àwòrán, orin àti eré orí ìtàgé sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo fáwọn ọmọ kékeré. Ọmọ á da oríṣi ìlà kọ láti ojú pátákó, á há a sórí, á gba máàkì. Kò sí ènìyàn kankan níwájú rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì wo ènìyàn tó jókòó fún wákàtí kan kò lè ya ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a bá ní kí ènìyàn jókòó kí ọmọ yà á, wọ́n á ní ìhòhò kò bá ẹ̀sìn mu. Ta ló ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ra? Kó wọ bùbá rẹ̀ kó jókòó. Wọ́n á ní nǹkan òyìnbó ni. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú nílé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938 ń kọ́? Frobenius, òyìnbó Jámánì, rí irú wọn ní 1910, ó ní kì í ṣe ọwọ́ aláwọ̀ dúdú; ó mà ti láwọn ọmọ ẹ̀yìn níbí o. Wọ́n á ní fóònù lè yà á. Kí fóònù náà wá máa bá wọn jẹun.

Wọ́n á ní kò sówó tí wọ́n máa san fún ẹni tó máa jókòó. Ní Ìyànà-Ìbà lójú ọ̀nà Badagry? Ìjọba ti pèsè wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2009 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Badagry ni àwọn ènìyàn ti ń jókòó sínú dáńfó láìmira. Rélùwéè tí wọ́n ní yóò dé Okokomaiko bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2023, Mile 2 ló sì dúró sí. Gbogbo èrò tó sọ̀ níbẹ̀ ló tún ń wá dáńfó. Àwòṣe wo ló tún kù?

Yunifásítì ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìjánikin lójú ọ̀nà Badagry yìí kan náà, ó ń tọ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Kí wọ́n fi olùkọ́ àwòrán sí iléèwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé àga kan síwájú kíláàsì, kí ènìyàn kan jókòó lé e.