Ìfẹ́ Tí Ń Parí ní Sẹ̀mẹ̀

Títí di ọdún 1972, ọkọ̀ ojú omi Aureol, ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster, máa ń gbéra láti Àpápá ní Èkó lọ sí Liverpool. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lórí òkun, èrò tí ọkọ̀ náà ń gbé sì lé ní 300. Àwọn obìnrin tó ń lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń lọ bá ọkọ wọn tó ń kàwé lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò mọ ẹnì kejì rí lè bára wọn nínú yàrá kan náà, láìsí ìyá ọkọ nítòsí, láìsí ará àdúgbò. Lónìí, ẹrù ló gba èbúté Àpápá. Èrò ti gba pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà lọ, àwọn oníṣòwò Ajégúnlẹ̀ sì ń gba títì Badagry lọ sí Kútọnu.

Lórí irú ìrìn àjò báyìí ni ìfẹ́ máa ń yọ láàárín obìnrin méjì, tí kò sì sí ìkankan nínú wọn tó wá a lọ. Ẹni tó bá gbọ́ a ní òkè òkun ló kó o ràn wọ́n, a ní eré lásán ni, ìdí nìyẹn tí kò fi pẹ́. Ẹ̀sùn méjèèjì ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìfẹ́ ojú ọ̀nà kì í kúrú nítorí pé ó fúyẹ́. Ilé ló ń gé e kúrú.

Ẹni tó bá mọ Ajégúnlẹ̀ yóò mọ̀ pé àìrí ibi sùn kọ́ ló ń gé e kúrú. Nínú ilé face-me-I-face-you ní Boundary tàbí ní Tolú, obìnrin méjì lè máa sùn lórí ẹní kan fún ọdún gbọọrọ kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n léèrè. Ijaw, Urhobo, Ìlàjẹ, Ìgbò àti Yorùbá ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, wọ́n ń bára wọn dirun, wọ́n ń bára wọn pọnmọ. Ọkùnrin ló ń fa ìbéèrè: bó bá wọlé lóru, kílẹ̀ tó mọ́, ìyá onílé ti gbọ́. Ohun tó wọ́n fún obìnrin méjì níbẹ̀ ni àyè láti wo ojú ara wọn, kí wọ́n sì gbà pé ohun tó wà láàárín àwọn ju ọ̀rẹ́ lọ. Níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ bàbá wọn, àyè yẹn ń ṣí.

Ká wo ti Kútọnu. Bí oníṣòwò méjì láti Boundary bá wọkọ̀ ní Mile 2 lọ ra aṣọ ní ọjà Dantokpa, tí wọ́n gba yàrá kan kí owó lè dín, tí ọ̀rọ̀ ọkàn sì débẹ̀, kò sí òfin kankan ní orílẹ̀-èdè Benin tó sọ wọ́n di ọ̀daràn. Bí wọ́n bá wá di ọwọ́ ara wọn mú bí olólùfẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n padà kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ sí Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 wà nílẹ̀ dè wọ́n. Àwọn èèyàn kan náà ni, ọkàn kan náà. Ta ni yóò yà lẹ́nu pé yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ìfẹ́ náà sílẹ̀ sí?

Oṣù kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó gbé ẹ̀wọ̀n yẹn kalẹ̀: ọdún 14 fún ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, ọdún 10 fún fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ì báà ṣe tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú. Wọ́n ní àṣà wa ni àwọn ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé fún wa ní 1916, ọkùnrin nìkan ni abala 217, tó dá lórí ìwà ìṣekúṣe, dárúkọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi obìnrin kún irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní 1921, Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù kọ̀ ọ́. Ohun tí òyìnbó ò fi lé obìnrin lórí, Àbújá ló gbé e lé e.

Ní 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kékeré kan tí wọ́n pè ní Ìfẹ́, Pamela Adie ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀: obìnrin méjì, ilé kan, ọjọ́ mẹ́ta. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní àwọn tó ṣe é lè rẹ́wọ̀n he. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá jẹ́ eré lásán lóòótọ́, kí ló dé tí ìjọba fi ń fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ nítorí rẹ̀?

Èyí tó tún dunni jù ni pé àṣírí tí wọ́n fipá mú èèyàn bò ni wọ́n ń sọ di ẹ̀rí pé irọ́ ló ń pa. Aderonke Apata, ọmọ Nàìjíríà tó tọrọ ààbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì dá ẹgbẹ́ African Rainbow Family sílẹ̀ ní 2014, gbọ́ ọ ní ilé ẹjọ́ ní 2015 pé kò lè jẹ́ ẹni tó ń fẹ́ obìnrin, nítorí ó ti bá ọkùnrin gbé rí, ó sì ti bímọ. Ọdún 2017 ni wọ́n tó fún un ní ààbò. Nílé, wọ́n ní kí obìnrin fi ìfẹ́ rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn odi, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí rẹ̀ wá.

Ẹlẹ́sìn lẹ́tọ̀ọ́ láti yàgò fún ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀, kó sì wàásù rẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ gbọ́. Ẹ̀wọ̀n ò sí lára ẹ̀tọ́ yẹn. Kí àwọn tó ń ṣojú Àpápá àti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, níbi tí Ajégúnlẹ̀ wà, ní Àbújá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí yíyọ ìjìyà ọdún 10 náà kúrò nínú òfin. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá ti ìrìn àjò dé, tó ń sọ̀rọ̀ obìnrin kan, tójú rẹ̀ ń tàn, ẹ má ṣe sáré pe wòlíì, ẹ má sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.